Ọ̀rá Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Ti Wálẹ̀

Sùúrùlérè,
Oṣù Kẹsàn-án, 1991.

Ẹ̀gbọ́n mi Theophilus,

Ẹ kú òtútù ọ̀hún o. Ṣé ìyàwó yín àtàwọn ọmọ wà dáadáa? Màmá ń kí yín. Orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀.

Ẹ rántí pé ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ Bàbá, tí dókítà ní kí wọ́n má jẹ ẹyin mọ́? Nígbà tó wálẹ̀, gbogbo wa jó lọ síwájú pẹpẹ láti dúpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ìgbẹ́ Bàbá jáde, jẹ̀díjẹ̀dí la pè é. Màmá ń se àgbo fún wọn. Àṣé jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló ń jẹ ọ̀rá náà tó fi wálẹ̀.

A ò tíì lè sọ fún wọn. Láàárọ̀ yìí wọ́n ní, "Mabel, ẹ̀jẹ̀ mi ti mọ́, dín ẹyin fún mi."

Mo dín in.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ nílé. Olúwa á jẹ́ kí ẹ bá wọn.

Àbúrò yín,
Mabel