Ọwọ́ Tí Ọmọ Náà Fi Gbé Omi

Sátidé, Ìlaròó

Wọ́n fi fíìmù mi hàn lónìí níbi àjọ̀dún àwọn tó ń ya kàtúùnù. Kò gùn rárá, síbẹ̀ Màmá wọ mọ́tò láti Ẹ̀gùá wá wò ó.

Bàbá ni mo yà, bí wọ́n ṣe máa ń jókòó níwájú ilé nígbà ayé wọn. Mo ya irùngbọ̀n wọn, mo ya fìlà wọn bó ṣe rí gẹ́lẹ́, àmọ́ ó ṣì ń ṣe mí bíi pé àwọn kọ́. Ọmọdébìnrin kan lọ bu omi wá fún wọn, wọ́n gbà á, wọ́n mu ún. Ó parí.

Ọ̀gá tó wá bá wa sọ̀rọ̀ láti Èkó yin ìrìn ọmọ náà. Àwọn àgbà tó jókòó lẹ́yìn ń kùn.

Màmá ló sọ ọ́ fún mi níta. "Ọwọ́ òsì lọmọ yẹn fi gbé omi fún bàbá ẹ."

Mo mọ ohun tó fà á. Mi ò tún ìpadàbọ̀ ọmọ náà yà. Àwòrán bó ṣe ń lọ sídìí àmù ni mo kàn yí kọjú síbí lórí kọ̀ǹpútà, bí ìgbà téèyàn ń wo dígí, ọwọ́ ọ̀tún tó fi mú ife sì di òsì. Mo ní kí Màmá má bínú.

"Èmi ò bínú. Bàbá ẹ ni ò ní gbà á. Wọ́n á kàn máa wò ẹ́ ni, títí wàá fi rántí."

Òótọ́ ni. Wọn kì í báni wí.

N ò ní tún ọwọ́ yẹn ṣe, ìparí ni màá tún yà. Ọmọ á fi òsì gbé omi wá, Bàbá á gbọ́wọ́ lé orúnkún, wọ́n á máa wò ó. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa tó jọ Bàbá.