Eruku Ara Aṣọ Bàbá Ayọ̀

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Ìgàndó

Dókítà ò tiẹ̀ kọ́kọ́ wo oríkèé ọwọ́ mi tó wú lónìí. Iṣẹ́ ọkọ mi ló ń bèèrè. Mo ní òkúta gíránáìtì ló ń gé.

"Ta ló ń fọ aṣọ iṣẹ́ wọn, mà?"

Èmi ni. Mo sì máa ń gbọ̀n ọ́n dáadáa kí n tó rẹ ẹ́ sómi.

Ó ní kò dá òun lójú o, àmọ́ mímí eruku òkúta bẹ́ẹ̀ sínú lè wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ara èèyàn máa bá ara rẹ̀ jà, tí oríkèé fi ń wú.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún Bàbá Ayọ̀? Iṣẹ́ tó ń bọ́ wa ni, jàre. Nígbà tí mo délé, mo kàn sọ fún un pé wọ́n fún mi lóògùn.

Ó ti gbé báàfù lọ sẹ́yìnkùlé báyìí. Ó ní òun lòun á máa fọ aṣọ òun, kí ọwọ́ mi lè sinmi. Mo ń gbọ́ ọ tó ń gbọ̀n ọ́n, pàà, pàà, bí mo ṣe máa ń ṣe é gan-an.

Mo pariwo pé kó dúró. Ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, eruku funfun ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń bi mí pé kí ló dé.