"A Dúpẹ́" Tí Mo Sọ fún Nọ́ọ̀sì

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà yìí. Mo kí Bàbá mi, mo sì kí Bùrọ̀dá mi tí wọ́n máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rọra kà á, kí wọ́n má fi ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ má bínú pé ọwọ́ mi ò dáa, ọ̀rọ̀ mi ò sì yá. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí mo kàwé dé. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó ti bébà yìí nídìí tábìlì.

Nítorí pé àlejò kan tí mò ń retí lè dé nígbàkígbà, mo ti kọ ìdágbére àti orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ bébà ná. Àárín ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ báyìí. Tí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ já lójijì, ẹ má jáyà, ẹ kàn bọ́ sí ìsàlẹ̀.

Àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n jẹ́ kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn ìjọ, kí àwọn ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bíi tèmi lè fi kọ́gbọ́n. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n mo gbà. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọkọ mi ń tọ́jú mi. Ẹrù ló ń kó sínú ọkọ̀ òfuurufú ní pápákọ̀. Tó bá ti lọ, ó ku èmi àti Màmá, ìyá ọkọ mi, a ò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀ títí á fi dé. Nígbà ìgbéyàwó wa, a sọ fún yín pé ara Màmá ò yá ni wọn ò fi lè wá. Kì í ṣe ara, Ìyá mi. Ìgbàgbé ló ń bá wọn jà. Wọ́n lè jókòó kí wọ́n máa bi mí pé ọmọ ta ni mí. Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á ní èmi ni ìyàwó kékeré tí Bàbá fẹ́ pamọ́, wọ́n á bi mí pé ṣé ẹsẹ̀ gbọọrọ yìí náà ni Bàbá rí tí wọ́n fi gbàgbé ilé. Ẹ̀rín á pa mí. Màá ní rárá o, ìyàwó ọmọ yín ni mí. Wọ́n á ní kí n má purọ́, ọmọ àwọn ṣì ń lọ sílé ìwé.

Bàbá yẹn, bàbá ọkọ mi, ti kú. Ọ̀dọ́ ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà, wọ́n wọṣẹ́ sójà níbí, wọ́n sì lọ sógun. Àwòrán wọn nínú aṣọ ológun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Springfield Gardens tí à ń gbé yìí sún mọ́ pápákọ̀ débi pé tí ọkọ̀ òfuurufú bá ń balẹ̀, abọ́ á máa gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Èyíkéyìí tó bá kọjá, Màmá á juwọ́ sí i. Wọ́n ní Bàbá ń bọ̀ látojú ogun.

Nígbà òtútù tó kọjá, tí yìnyín bo ilẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé lọ fọ aṣọ. Nígbà tí mo gòkè, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Màmá ti lọ pàdé Bàbá ní pápákọ̀, sílípáàsì ilé ìwẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìyá mi, mo sáré jáde láìwọ kóòtù, mò ń ké "Màmá" kiri títì bí aṣiwèrè. Ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró ni mo ti bá wọn, wọ́n jókòó jẹ́jẹ́, ètè wọn ti dúdú. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mo pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni dókítà sọ pé àfi kí Màmá lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ìgbàgbé ń bá jà, níbi tí ojú ò ní kúrò lára wọn. A lọ wo ọ̀kan. Ó mọ́ tónítóní, àwọn arúgbó ń kọrin níbẹ̀, Màmá sì bá wọn pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n owó oṣù kan níbẹ̀ ju gbogbo ohun tí ọkọ mi ń gbà lóṣù lọ. Ọkọ mi ní tó bá le jù, a máa ta ilé tí Bàbá rà yìí. Nígbà tó sọ ọ́, kò wo ojú mi.

Ìrètí kan ló wà. Ìjọba ibí ní owó tí wọ́n ń fún opó sójà tí kò lè dá tọ́jú ara rẹ̀ mọ́. Ọkọ mi kó gbogbo ìwé jọ, ìwé ìgbéyàwó, ìwé tí Bàbá fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ìwé ikú wọn. Ó wá ku kí nọ́ọ̀sì wá wo Màmá nílé, kó kọ ohun tó bá rí. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì wá. Èmi ni mo dá a lóhùn, pẹ̀lú ìwọ̀nba òyìnbó tí mo gbọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti bà á jẹ́.

Ó bi mí pé báwo ni Màmá. Mo ní wọ́n wà dáadáa, a dúpẹ́. Ó bi mí pé ṣé wọ́n ń dá wẹ̀. Ìyá mi, Màmá jókòó síbẹ̀, wọ́n wé gèlè, wọ́n ń wò mí. Ṣé kí n wá la ẹnu sọ fún àjèjì pé èmi ni mò ń wẹ̀ fún ìyá ọkọ mi, pé wọ́n ń tọ̀ sára? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi kí n tó kúrò nílé pé ìyàwó kì í tú àṣírí ilé ọkọ, pé tí ènìyàn bá béèrè àlàáfíà, kí n dúpẹ́ ná. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń dá wẹ̀. Ó ní ṣé wọ́n ń dá jẹun? Mo ní wọ́n ń jẹun dáadáa. Ó ní ṣé wọ́n máa ń ṣìnà? Mo ní Ọlọ́run ń ṣọ́ wọn. Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n fún nọ́ọ̀sì ní súìtì. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, lẹ́tà dé. Wọ́n ní Màmá ò nílò ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, owó yẹn ò tọ́ sí wọn.

Ọkọ mi ò bá mi jà. Ó kàn jókòó, bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ó ń tún lẹ́tà náà kà. Ì bá sàn kó bá mi jà. Àǹtí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, tí àwọn náà ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní àdúgbò Cambria Heights, ló pàtẹ́wọ́ sí mi. Wọ́n ní ta ló ní kí n máa dúpẹ́ káàkiri? Wọ́n ní òyìnbó ò mọ̀ pé "a dúpẹ́" kì í ṣe ìdáhùn, pé bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn, Màmá lè gbá bọ́ọ̀lù lójú rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, inú ń run àwọn burúkú, dókítà béèrè àlàáfíà, àwọn ní a dúpẹ́, ni dókítà bá ní kí àwọn máa lọ sílé. A rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo bú sẹ́kún.

Ìjọba ti gbà kí a tún un béèrè. Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ lónìí. Àǹtí ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ láìbo nǹkan kan mọ́lẹ̀, ìwẹ̀, aṣọ, ìtọ̀, ọjọ́ yìnyín yẹn. Láti àná ni mo ti ń sọ ọ́ níwájú jígí. Ohun tó ń já mi láyà ni pé Màmá á jókòó níbẹ̀. Wọ́n lè gbàgbé orúkọ mi, ṣùgbọ́n ìtìjú ò tíì kúrò lójú wọn. Tí mo bá ń wẹ̀ fún wọn, ojú mi ni wọ́n máa ń fi ọwọ́ bò.

Láàárọ̀ yìí mo kúnlẹ̀ bẹ Màmá ṣáájú. Mo ní ohun tí mo bá sọ lónìí, kí wọ́n forí jì mí, owó Bàbá ni mo fẹ́ gbà fún wọn. Wọ́n ní kí n dìde, ilẹ̀ tútù, kí n lọ wọ ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n ní tó bá jẹ́ owó Bàbá ni, kí Bàbá mú un wá fúnra wọn.

Ẹ̀yin náà, ẹ forí jì mí. Mi ò sọ pé ẹ̀kọ́ yín ò dáa o. Lọ́dọ̀ yín, ẹni tó bá gbọ́ "a dúpẹ́" á wo ojú ẹni, á mọ ohun tó wà níkùn. Níbí, ohun tí ẹnu bá sọ ni bírò ń kọ.

Agogo ẹnu ọ̀nà ti dún. Màmá ń pè mí, wọ́n ní kí n sáré wá ṣílẹ̀kùn, Bàbá ti dé. Tí nọ́ọ̀sì bá ti bi mí pé báwo ni Màmá, màá ní

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí fún mi, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí Bàbá mi, ẹ kí Bùrọ̀dá mi àti ìyàwó wọn, ẹ kí gbogbo ará ilé. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè mi, ẹ ní mo wà dáadáa, a dúpẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Àṣàkẹ́