Màmá, Ẹ Jẹ́ Kí N Gbọ́ Ohùn Yín

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Láti Leeds níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú àìrí mi, ẹ kú àárò Bàbá. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Kọ́lá náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi kò dùn sí i.

Inú ìwé ìròyìn ni mo gbé lẹ́tà yìí sí, nítorí pé fóònù kan ṣoṣo tó wà nínú ilé wa, ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n ló wà. Bó bá ti gbéra lọ sídìí tírélà rẹ̀ ní Ìbèsè, ọ̀nà dí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá rí lẹ́tà yìí ní Ayétòrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè Ìyá Kọ́lá tó ń yan gàrí, kí ẹ kà á sí wọn létí.

Màmá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń pè. Ẹ̀gbọ́n á ní ẹ ń sinmi. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló sọ nípa Bàbá lọ́dún tó kọjá. Ọjọ́ mọ́kànlá ni Bàbá ti wà nínú ilẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n ṣì ń sọ fún mi pé wọ́n ń sinmi. Mo mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn: a kì í tú ọ̀rọ̀ òfò sí ẹni tó dá wà ní ìdálẹ̀ létí lórí fóònù, kó má baà ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ẹ rántí ìwé àlòkù tí Bàbá rà ní Ìpókíá, èyí tí èèpo rẹ̀ ti já, tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́, ìtàn obìnrin oníṣòwò tó ń wá ọmọ rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Mo ti ka ìwé púpọ̀ níbí, kò sí èyí tí mo fẹ́ràn tó o. Nígbà tí ojú Bàbá di bàìbàì, wọ́n fi í lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mò ń lọ, wọ́n ní kí n máa kà á fún àwọn láti ọ̀hún. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń kà á sínú fóònù, tí mò ń fi ohùn mi ránṣẹ́. Láàárín ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Mo tilẹ̀ yí ohùn padà níbi tí obìnrin náà ti ń bá àwọn aṣọ́bodè jà. Ẹ̀gbọ́n ní Bàbá rẹ́rìn-ín. Òkú ni mò ń pa lẹ́rìn-ín, Màmá! Ó ṣì ń dùn mí.

Arúgbó ni mò ń tọ́jú níbí, nínú òtútù tí ń mú ìka kú. Bí ọ̀kan bá kú, èmi ni mo ń pe ọmọ rẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ fún un tààrà. Mo kọ́kọ́ rò pé ìwà ọ̀dájú ni. Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan sunkún títí, ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé òun ráyè wá di ọwọ́ ìyá òun mú kó tó tutù. Mo wọ yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, èmi náà sunkún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: mo rí i pé ohun tí ẹ fi dù mí nìyẹn.

Síbẹ̀, mo dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé ẹnì kan gbọ́ ìwé tí mo kà. Ẹ̀yin ni. Ó ní ẹ gba fóònù, ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì Bàbá, ẹ gbọ́ ọ tán, ẹ ní kí ó tún un gbé sí i. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ìwé wa ń jẹ́ kí gàrí jóná! Láti ìgbà náà, ẹ̀yin ni mò ń kà á fún. Orí kan péré ló kù. Obìnrin náà ti wọ ìlú tí ọmọ rẹ̀ wà.

N kò ní kà á sínú fóònù; iwájú yín ni màá ti kà á. Mo ti gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́. Bí n kò bá gbọ́ yín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, mo ń bọ̀ nílé. Bí ara yín kò bá yá, kí wọ́n sọ fún mi. Ẹ bú mi, ẹ wúkọ́ sí mi létí, kí n ṣáà gbọ́ ohùn yín.

Mo kí gbogbo ará ilé. Àdúrà alààyè ni mo ń gbà fún yín o: ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́. Èyí tí wọ́n ń gbà fún òkú, n kò ní gbà á, àfi bí ẹnìkan bá wò mí lójú tó sọ fún mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀