Àwọn Ọwọ́ Tí Mo Fọ̀ Kúrò Lára Àpáta

Ọmọ-ọmọ mi,

Télọ̀ tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi àdídùn kankan kún un. Ṣé ara rẹ le? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa? Ara tèmi náà le, àfi orúnkún tí kò jẹ́ kí n lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Fi ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn sọ́kàn.

O ti gbọ́ nípa àpáta tó wà lókè ìsun omi, níbi tí ẹni tó bá ń kúrò lórí òkè yìí ti máa ń ki ọwọ́ bọ ẹfun, tí yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àpáta kó tó sọ̀kalẹ̀. Ọwọ́ àwọn baba ńlá wa wà níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní àwọn àlejò ń bọ̀ láti ìlú ńlá wá wo igbó wa àti ohun tí àwọn baba wa fi sílẹ̀. Mo ní a kò lè fi ìdọ̀tí gba àlejò. Èmi fúnra mi ni mo kó àwọn obìnrin jọ. Ojoojúmọ́ là ń kọjá lára àwọn ọwọ́ yẹn, ojú wa ti mọ́ wọn débi pé a kò rí wọn mọ́. A gbé ọṣẹ àti kànìnkànìn, a fọ àpáta títí ó fi ń dán bí àwo.

Nígbà tí àwọn àlejò dé, ọkùnrin tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn wòkè, ó wolẹ̀, ó ní, "Ìyá, àwọn ọwọ́ náà dà?"

Mo ní, "A ti fọ̀ wọ́n. Ẹ ò rí i bó ṣe mọ́?"

Ó kàn jókòó sórí òkúta. Ìyàwó alágbẹ̀dẹ ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún, ìgbà náà ló wá yé mi.

Mo di àpáta mú, mo bá jókòó pẹ̀ẹ́ sílẹ̀ nídìí rẹ̀. A kò fọ ibẹ̀: èmi ni ìdí àpáta kàn, orúnkún mi kò sì jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Mo rí ọwọ́ kan nísàlẹ̀ níbẹ̀, tí ìka rẹ̀ tó kéré jù wọ́ bí èyí tí ilẹ̀kùn gbá fún ìyá rẹ ní kékeré. Ọwọ́ ìkókó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwọ nìyẹn.

Ìjà la jà lọ́jọ́ tí ìyá rẹ pọ̀n ọ́ lọ, tó fi ẹ̀gbọ́n rẹ sílẹ̀ fún mi. N kò sìn ín sọ́nà. Kò sì padà wá títí ó fi kú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni mo wá ọwọ́ rẹ̀ lára àpáta lórí ìdúró tí n kò rí i, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń sọ pé inú ló bí i tí kò fi tẹ̀ ẹ́. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ó lóṣòó, ó gbé ọ jókòó nílẹ̀, kí ọwọ́ tìrẹ lè tó àpáta.

N kò sunkún. Télọ̀ ní mo sunkún, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ni ìwé.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí rẹ sí. Àwọn ọmọ rẹ yóò dàgbà lójú rẹ, wọn kò ní fi ìbínú jáde nílé rẹ.

Èmi ni,
Ìyá tó bí ìyá rẹ.

Mo tún rántí: ẹ̀gbọ́n rẹ ni kí o kọ́kọ́ sọ fún. Ọwọ́ tirẹ̀ wà lára àwọn tí mo fọ̀ nù, má bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹfun ti wà nínú abọ́, kó wá tẹ òmíràn. Ṣùgbọ́n kí o tó sọ ìyẹn, sọ ti ìyá yín fún un ná. Ẹnu mi ló ti gbọ́ láti kékeré pé ìyá rẹ̀ lọ láìtẹ ọwọ́.