Ọkọ̀ Ogun Kì í Ní Kọ́kọ́rọ́

Bàámi, ẹ kú ilé o. Ayọ̀ ni mo fi ń kọ èyí láti Àgọ́ Palace.

Irọ́ ni mo ti ń pa fún yín pé mo ti ń mọṣẹ́. Ilẹ̀ ni mo ń gbá ní ṣọ́ọ̀bù rìwáyà tẹ́ ẹ ní kí n ti kọ́ṣẹ́ iná mọ́tò, Ọ̀gá Ọláyanjú ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan wáyà kankan. Wọ́n tiẹ̀ ti ní kí n máa palẹ̀ mọ́, kí n padà sílé.

Àná la gbé ọkọ̀ ogun àtijọ́ kan, jíìpù sójà tá a tún ṣe, síwájú èrò ní mùsíọ́mù. Ọ̀gá ti ṣe ojú kọ́kọ́rọ́ tuntun sí i. Wọ́n yí i títí, kò dáhùn. Èrò ń pariwo, "Ẹ lọ wá màlúù tó máa fà á!"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wa irú ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ jẹ́ sójà lẹ máa ń sọ pé ẹni tí ìbọn ń lé ò ráyè wá kọ́kọ́rọ́. Mo wọ inú ọkọ̀ náà, mo tẹ bọ́tìnnì àtijọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó bú ramúramù!

Ọ̀gá ní, "Rìwáyà mi rèé o!" Mi ò wálé mọ́.

Ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ ṣáà má sọ fún wọn pé inú ṣọ́ọ̀bù ni mò ń sùn.

Memunat yín.