Abọ́ Kan fún Ilé Ládòkun

                                        Ilé Ládòkun,
                                        Àdúgbò Ajégúnlẹ̀,
                                        Ṣakí, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹrin, 2025.

Àdìjátù, àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ooru Ìlọrin. Ṣé ara le? Ṣé àwọn aláìsàn tí ò ń tọ́jú ń jẹ́ kí ìwọ náà rí oorun sùn? Samsudeen àfẹ́sọ́nà rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń jẹ ẹ̀wà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Ní tiwa, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ tó ń dun màmá mi ti fúyẹ́, wọ́n ní kí n kí ọ dáadáa. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n oòrùn tó yọ lẹ́yìn rẹ̀ kò fojúure wo ẹnikẹ́ni.

Mo mọ̀ pé wàá máa rò ó pé kí ló dé tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù. Mo mọ ara mi ni. Bí mo bá dé ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹkún ni n ó bú sí, ìwọ náà á sì rò pé ẹnì kan ti kú. Má jáyà o, ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni.

Ṣé o rántí ṣọ́ọ̀bù áísìkiriìmù Ìyá Waheedat, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń ránṣọ, tó dojú kọ mọ́ṣáláṣí? Wọ́n ti ṣí òmíràn sí ìlú yìí báyìí, tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ojú rẹ̀, tí ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn tútù níbẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ Ìyá Waheedat ni gbogbo wa ń wọ́ lọ. Wọ́n ní adùn ni. Irọ́ kọ́, wàrà tútù tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wá láti gáà, ibùdó wọn, láràárọ̀ ló ń sè, ó ń fi oyin sí i, ó sì ń lo màngòrò ní àsìkò rẹ̀ bí irú àsìkò yìí. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé mi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju adùn lọ. Bí obìnrin yẹn bá ṣí ike tuntun, ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀ ló ń fún ní ṣíbí àkọ́kọ́, ìbáà rà, ìbáà má rà. Nínú ààwẹ̀ tó kọjá yìí, àwọn tíṣà tó ń ti ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ kì í jẹ ẹ́ lójú wa. Wọ́n á jókòó síbẹ̀ máa ṣàwàdà títí a ó fi ṣínu, ká lè jọ jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wọn.

Ìwọ náà mọ ohun tó kàn. Láti ìgbà tí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí àwọn bàbá wa, ti kú, tí wọ́n sì sin wọ́n kí bàbá rẹ tó ti Ofiki dé, bàbá rẹ àti bàbá mi kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ti lé lọ́dún méjì. Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Ará àdúgbò ti ń pè wọ́n ní Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò-tí-kì-í-kíra. Nítorí wọn ni o ṣe kọ̀ láti dá ọjọ́ nìkáì rẹ. O ní wọn kò ní so yìgì rẹ kí ọ̀kan nínú wọn má sí níbẹ̀, èmi kò sì bá ọ wí.

Ṣọ́ọ̀bù yìí nìkan ni ìjà náà kò lè gbà lọ́wọ́ wọn. Bí bàbá rẹ bá ti Ofiki wá kírun Jímọ̀, àfi kí wọ́n yà níbẹ̀. Bàbá mi á wà lábẹ́ igi màngòrò, bàbá rẹ á wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kẹ̀yìn síra wọn bí ọmọdé tó ń bínú.

Ní Jímọ̀ ìjẹta yìí, bí wọ́n ṣe kírun tán ni ẹ̀rọ iná àdúgbò dún gbàù, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ Ìyá Waheedat sì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Nínú ooru yẹn, tí fírísà sì kún dẹ́nu! Obìnrin náà káwọ́ lérí fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bọ́ síta, ó kígbe pé, “Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá jẹ sàráà o! Dípò kó dómi sí mi lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi gba láádá lọ́dọ̀ Ọlọ́run.”

Ta ló ń kọ sàráà? Èèyàn dé lọ́tùn-ún lósì, abọ́ kò sì ká wa. Waheedat ọmọ rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, ló ń pín in, abọ́ kan fún ilé kan, bí a ṣe ń pín oúnjẹ sàráà. Ọmọ yẹn kò mọ nǹkan kan nípa ìjà. Ó pe “Ilé Ládòkun!” Bàbá mi dìde, bàbá rẹ náà dìde. Ló bá gbé abọ́ kan pẹ̀lú ṣíbí méjì sórí bẹ́ǹṣì, ó fa bàbá rẹ lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ jókòó ti ẹ̀gbọ́n yín, sà. Ó ti ń yọ́.”

Ṣíbí há sẹ́nu tíṣà Olúwafọlákẹ́mi. Ọmọ Ilé Ládòkun lèmi náà, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí áísìkiriìmù?

Bàbá rẹ mú ṣíbí, wọn kò bù ú. Àbúrò kì í ṣáájú ẹ̀gbọ́n bọwọ́ sí abọ́, ìjà kò sì lè mú wọn gbàgbé ìyẹn. Bàbá mi náà kò bù ú, wọ́n kàn ń wo ilẹ̀. Áísìkiriìmù sì ń yọ́ lọ. Nígbà tó yá, bàbá rẹ ní, “Ẹ bù ú, ẹ̀gbọ́n mi, kó má baà ṣòfò.”

Bàbá mi bù ú. Wọ́n ní, “Mọ́nsúrù, mo fẹ́ dúró dè ọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà ní òkú kì í pẹ́ nílẹ̀. Mi ò lè bá wọn jà. Ó ṣì ń dùn mí.”

Bàbá rẹ ní, “Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ẹ ò wá bá mi ní Ofiki. Mo retí yín títí.”

“Ojú ló ń tì mí.”

Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Bàbá rẹ sunkún ní gbangba, bàbá mi náà fi etí agbádá nu ojú, wọ́n ní òtútù ló ń ta àwọn léyín. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, wọ́n jọ lọ sí ibojì Ìyá Àgbà lọ ṣàdúà.

Nígbà tí a sọ fún Waheedat ohun tó ṣe, ńṣe ló bojú. Ìyá rẹ̀ ní, “Bí mo bá mọ̀ pé àìmọ̀kan rẹ wúlò báyìí ni, ǹ bá ti pè ọ́ wálé tipẹ́.” Iná ti dé padà, jẹnẹrétọ̀ náà ti dé, fírísà sì ti ń kún.

Títí di àárọ̀ yìí, bàbá rẹ kò tíì padà sí Ofiki. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mo ń kọ̀wé sí ọ, bàbá mi ní kí n sọ fún ọ pé kí o dá ọjọ́ nìkáì. Bàbá rẹ ní rárá, kí n kọ ọ́ pé àwọn méjèèjì ń bọ̀ ní Ìlọrin lọ́jọ́ Sátidé, nínú mọ́tò kan náà, láti wá bá ẹbí Samsudeen dá ọjọ́ náà.

Bá mi kí Samsudeen, sì kí gbogbo ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ jọ ń gbélé. Jọ̀wọ́, gbọ́únjẹ sílẹ̀ dè wọ́n, àwo kan náà ni kí o fi bù ú fún wọn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí yóò rán aṣọ ìyàwó rẹ,
Sodiqat Ládòkun